Bí Omi Páìpù Bá Ba Ẹrù Jẹ́: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Owó Adójútòfò

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó àti ìrànwọ́ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa ní Òjé, Ìbàdàn)

  

Àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó lẹ ní ká bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. A mọ̀ pé bẹ́ ẹ ṣe rí wa tá a dìde, àwọn kan ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn tó yáwó tí wọn ò tíì san la fẹ́ sọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ti fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ omi la mú wá. Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba ibi tí ò yẹ kó gbà wọ yàrá ẹni, ó lè sọ olówó di onígbèsè láàárín òru kan.

Tí wọ́n bá ní kí oníṣòwò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, iná ló máa kọ́kọ́ dárúkọ, olè ló máa tẹ̀ lé e. Tó bá sì dárúkọ omi, omíyalé ló ń rò. Kò yani lẹ́nu. Ọmọ Ìbàdàn wo ni kò tíì gbọ́ nípa omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ? Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà fojú ara wọn rí ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Irú omi bẹ́ẹ̀, ìjọba ń gbọ́, oníròyìn ń gbé e, gbogbo ayé ló ń kí ni kú àjálù. Ṣùgbọ́n omi tó tú jáde lára páìpù nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń kéde ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe nìkan ló ń mọ̀ ọ́n lára.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ÒJÉ

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà òfì wa kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mẹ́tàdínlógún, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń kà á, là ń ná an. Wọ́n á gbé aṣọ wá láti Ìṣẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́, láti Ìlọrin, a ó rà, a ó tà. Tí ọjà bá wá tú, ibo ni aṣọ tó kù ń lọ? Ilé ni. Abẹ́ ibùsùn, orí kọ́bọ́ọ̀dù, kọ̀rọ̀ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Nítorí náà, ilé wa kì í ṣe ilé nìkan, ibẹ̀ náà ni ilé ìkẹ́rùsí wa. Ohun tó bá ṣe ilé, ó ti ṣe ọjà.

Omi sì ń bẹ nínú ilé lónìí ju ti àtijọ́ lọ. Omi Eléyẹlé ti ọdún 1942 àti ti Aṣèjìré ti ọdún 1972 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ omi ẹ̀rọ. Nígbà tí omi ìjọba ò wá dédé mọ́, oníkálukú gbẹ́ kànga, àwọn tó lágbára gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, wọ́n gbé táǹkì sórí òpó, wọ́n sì fa páìpù wọ inú ilé. Páìpù onírin àtijọ́ ṣì wà nínú ògiri ilé púpọ̀, ìpatà ti jẹ ẹ́. Páìpù oníke tí wọ́n gbà síta, tí oòrùn ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń gbẹ, ó ń sán. Ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ sì lè yọ tí omi bá ki mọ́ ọn. Ẹ tún wo ti ẹni tó ṣí ẹ̀rọ tí ò rí omi, tó gbàgbé láti tì í, tó gba ọjà lọ. Ìgbà tí omi bá dé, kò sẹ́ni nílé.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ilé wa àtijọ́, láti Òjé dé Bẹẹrẹ, dé Màpó, dé Bẹyẹrúnkà. Amọ̀ lọ̀pọ̀ ògiri wọn, sìmẹ́ńtì la kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Tí omi bá rin ògiri amọ̀ gbingbin, aṣọ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ kàn mọ́, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ wú tàbí tó fi ẹnu sílẹ̀, ẹ kó ọmọ jáde ná, kẹ́ ẹ tó ronú aṣọ.

OHUN TÓ ṢE Ọ̀KAN NÍNÚ WA

Ọ̀kan nínú wa gbà wá láyè láti sọ tirẹ̀, ó ní ká má ṣáà dárúkọ òun. Yàrá ìsàlẹ̀ ló háyà nínú ilé alájà kan. Ó lọ síbi ìnáwó, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó dé, páìpù tó gba òkè yàrá ẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀ òkè ti yọ lójú ìsopọ̀. Àjà ti já lulẹ̀, omi ti rin ìdì òfì mẹ́rin. Aró ara ẹtù ṣí, ó kun sányán àti àlàárì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Aṣọ ìyàwó tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún wà nínú ẹ̀.

Nígbà tó ń sunkún, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, pé lánlọ́ọ̀dù ní inṣọ́ránsì sórí ilé, báńkì tó yá a lówó ló ní kó ṣe é. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó fọ aṣọ tó ṣeé fọ̀, ó sá wọn, ó fi èyí tó bàjẹ́ jù tọrẹ fún àwọn tó fi ń ṣe àkísà. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò wá, wọ́n wo ilé, wọ́n san owó àjà àti ọ̀dà fún lánlọ́ọ̀dù. Ti aṣọ ńkọ́? Wọ́n ní aṣọ ò sí nínú ìwé. Wọn ò purọ́, wọn ò sì ṣègbè. Ìwé ilé ni, kì í ṣe ìwé ọjà.

Owó ẹgbẹ́ wà nínú àwọn aṣọ yẹn, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni méjì ló ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ó lé lọ́dún kan kó tó san án tán, àwọn onígbọ̀wọ́ náà sì bá a gbé lára ẹ̀. Ẹ rí i pé omi tó tú sí yàrá ẹnì kan, ó rin aṣọ ẹni mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

KÍ NI ADÓJÚTÒFÒ GAN-AN?

Ẹni tó bá mọ èésú ti mọ ìdajì ẹ̀. Nínú èésú, gbogbo wa là ń dá, gbogbo wa la sì máa kó o, ọjọ́ ìkó ló yàtọ̀. Nínú adójútòfò, gbogbo wa là ń dá, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ló máa kó o. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lọ́dún yẹn ò ní kó, kò sì yẹ kó bínú, àdúrà ẹ̀ ló gbà. Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Lẹ́yìn tí iná ńlá jó ìlú Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1666, tí ilé tó lé ní 13,000 run, ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ilé.

Àwọn Àlàájà wa kan máa ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ohun tó bá ní èlé nínú. Ọ̀nà wà fún ìyẹn náà. Takáfúlù ni wọ́n ń pè é, ìrànwọ́ fún ara ẹni ni wọ́n gbé e kà. NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé ìlànà ẹ̀ jáde láti ọdún 2013. Wọ́n sì ní ìlànà fún adójútòfò kéékèèké fún àwa tí ọjà wa ò tó ti oníléeṣẹ́ ńlá.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ẹ̀: ẹni tí ò bá tíì sanwó, kò tíì wọlé. Òfin adójútòfò ọdún 2003 ló fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ pé láìsí owó, kò sí ààbò. Ọdún 2025 ni òfin tuntun rọ́pò òfin yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ rò pé ìlérí ẹnu ti di ìwé. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá NAICOM fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ. Tẹ́ ẹ bá san án, ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì gba ìwé àdéhùn fúnra ẹ̀, kì í ṣe káàdì tí wọ́n fi ń ṣe ìpolówó.

ÌWÉ ILÉ, ÌWÉ ẸRÙ ILÉ, ÌWÉ ỌJÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.

Ìwé ilé wà fún onílé. Ògiri, òrùlé, àjà, ilẹ̀kùn, ìyẹn ló ń dáàbò bò. Ayálégbé ò ní ìpín níbẹ̀.

Ìwé ẹrù ilé wà fún ẹni tó ni ẹrù, ìbáà jẹ́ onílé tàbí ayálégbé. Bẹ́ẹ̀dì, àga, tẹlifíṣàn, fíríìjì, aṣọ tí à ń wọ̀. Nínú irú ìwé ilé àti ẹrù ilé tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ wa, ẹ máa ń rí iná, àrá, ìjì, olè tó fọ́lé, àti omi tó tú jáde nígbà tí táǹkì tàbí páìpù bẹ́ tàbí tó kún àkúnya. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: òfì tẹ́ ẹ kó sábẹ́ ibùsùn fún títà, wọn ò kà á sí ẹrù ilé. Ọjà ni wọ́n ń pè é, inú ìwé ẹrù ilé kọ́ ló sì máa ń wà.

Ìwé ọjà ni ẹ̀kẹta. Èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣe ni ti iná. Ti iná lásán ò ní dáhùn omi páìpù. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ti páìpù àti táǹkì tó bẹ́ kún un, owó díẹ̀ ló máa lé. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ibi tí ọjà wà sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n kọ, tí omi wá ba ti ilé jẹ́, ọ̀rọ̀ dé. Kí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ ilé. Wọ́n tún máa bèèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Tó bá jẹ́ amọ̀, ẹ sọ pé amọ̀ ni. Ẹni tó purọ́ nínú ìwé ìbéèrè ti fọwọ́ ara ẹ̀ ya ìwé náà.

OMI ÒJIJÌ ÀTI OMI TÓ TI Ń KÁN TIPẸ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò jà. Páìpù tó bẹ́ lónìí, tí omi ya wọlé lónìí, òjijì nìyẹn, ó wà nínú ìwé. Páìpù tó ti ń kán tó, tó, tó láti ọdún tó kọjá, tí ògiri ti hu èbu, tí ọ̀dà ti ń ṣí, tí gbogbo ará ilé ti ń fi korobá gbe omi ẹ̀, àìtọ́jú ni wọ́n máa pe ìyẹn. Wọn kì í san owó àìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù tó gbó: ẹrù tí omi ẹ̀ bà jẹ́ ni wọ́n sábà máa ń san, wọn kì í ra páìpù tuntun fún yín.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó ń rin, ẹ wá pulọ́ńbà. Tó bá jẹ́ ilé onílé, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ọjọ́ lè wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá ní táǹkì lè dán an wò bí páìpù ẹ̀ bá ń jò: tó bá di alẹ́, kó ti gbogbo ẹ̀rọ pa, kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pọn omi, kó fi àmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì. Tílẹ̀ bá mọ́ tí omi ti lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan.

Ọ̀rọ̀ ilé tí ò sẹ́ni tún wà. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé tí ilé bá ṣófo ju iye ọjọ́ kan lọ, ó sábà máa ń jẹ́ 30, omi páìpù ò sí nínú ààbò mọ́. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́ta, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ti omi pa láti ìdí táǹkì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kẹ́nì kan máa sùn nílé.

ẸNI TÓ KỌ ÌDAJÌ, ÌDAJÌ LÓ MÁA GBÀ

Torí kí owó ọdún lè kéré, àwọn kan máa ń dín iye ọjà wọn kù nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọjà Ìyá kan jẹ́ 2,000,000 náírà. Ó kọ 1,000,000. Omi wá ba ti 400,000 jẹ́. Ó rò pé 400,000 lòun máa gbà, torí ó kéré sí 1,000,000 tóun kọ. Rárá o. Ìdajì ọjà ló kọ, ìdajì òfò ni wọ́n máa san: 200,000. Tí ìwé bá tún sọ pé 20,000 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹlẹ́rù, 180,000 ló máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyókù, òun ló máa fara gbé e. Ọjà sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́, iye tẹ́ ẹ kọ lọ́dún tó kọjá lè ti kéré lónìí. Ẹ tún un kọ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ san ti ọdún tuntun.

TÓ BÁ ṢẸLẸ̀, KÍ LA MÁA ṢE?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá wọ́n máa san tàbí wọn ò ní san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i dáadáa.

Ìkíní, ẹ ti omi pa láti ìdí ẹ̀. Kí gbogbo ilé mọ ibi tí wọ́n ti ń tì í, títí kan àwọn ọmọ. Tí omi bá ti kan wáyà tàbí gílóòbù, ẹ pa iná láti ojú ibi tó ti ń wọlé, ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án.

Èkejì, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan. Fóònù ọmọ yín tó. Ẹ ya àjà, ẹ ya páìpù tó bẹ́, ẹ ya ìdì aṣọ níbi tó wà, ẹ tú u, kẹ́ ẹ ya inú ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba èyí tó ṣeé gbà là. Ìwé ń retí pé kẹ́ ẹ sapá, ẹ ò lè jókòó ká ẹrù lọ́wọ́ kẹ́ ẹ ní inṣọ́ránsì máa san án. Ẹ yọ ẹtù kúrò lára èyí tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá, torí aró. Ẹ sá wọn síbi atẹ́gùn, lábẹ́ òjìji, ẹ má ká a ní tútù kó má baà hu èbu.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má da nǹkan kan nù. Èyí tó bàjẹ́ pátá ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù. Ẹni tó ń bọ̀ wá díwọ̀n òfò gbọ́dọ̀ fojú rí i. Páìpù tó bẹ́ pàápàá, ẹ ní kí pulọ́ńbà fi ègé ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kó sì kọ sínú ìwé ohun tó rí: ibi tó bẹ́, ìdí tó fi bẹ́, ọjọ́ tó tún un ṣe, iye tó gbà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tún kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Tó bá jẹ́ alágbàtà ló bá yín ṣe é, ẹ kọ sí òun náà, ẹ má fi gbogbo ọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ àkọsílẹ̀ òfò: irú aṣọ, iye, iye tẹ́ ẹ rà á, ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ti rà á, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ má fi kún un. Àwọn kan gbà pé tí òfò bá jẹ́ 10, kéèyàn kọ 20 kí wọ́n lè san 10. Ẹ̀tàn ni wọ́n ń pè é, ó sì lè jẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀keje, tó bá jẹ́ pé aládùúgbò òkè ló gbàgbé ẹ̀rọ ní ṣíṣí, a mọ̀ pé àwọn àgbà ilé máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ò ní bá a fa nǹkan kan kẹ́ ẹ tó bá ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó fún yín, ẹ̀tọ́ láti bèèrè owó yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fà á di tiwọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n lè torí ẹ̀ kọ̀ láti sanwó.

Ìkẹyìn, kí wọ́n tó sanwó, wọ́n máa gbé ìwé kan wá pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ẹ ti gba owó yìí tán pátápátá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí ò mọ̀wé, kó jẹ́ kí ọmọ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á fún un lédè tó gbọ́. Tí iye ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àsìkò tẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òfin ti 2003 fún ilé iṣẹ́ ní 90 ọjọ́ láti sanwó tó bá gbà pé òun jẹ ẹ́. Ní báyìí tí òfin ti yí padà, ẹ bèèrè gbèdéke ọjọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi òní dónìí, tí wọ́n ń fọ̀la dọ́la, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹjọ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ so gbogbo ẹ̀dà ìwé mọ́ ọn.

ÌWÉ TÍ A Ò NÍ

Ẹ̀yin èèyàn wa, nínú gbogbo ohun tá a kà yìí, èyí tó le jù fún wa kọ́ lowó ọdún. Ìwé ni. À ń ra òfì lọ́wọ́ ahunṣọ ká tó dúpẹ́, kò sí rìsíìtì. À ń tà á láwìn, orí la fi ń ṣírò. Ẹ̀rí wa wà lẹ́nu, ìgbàgbọ́ wa sì wà láàárín ara wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n àjèjì tó fẹ́ sanwó òfò ò mọ ìwà wa, ìwé ló mọ̀. Ọjà tí ò sí nínú ìwé, lójú tiẹ̀, kò fìgbà kan wà rí.

Ìwé yẹn ò sì le. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan, tọ́ ọmọ yín ń lò, tó. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tẹ́ ẹ rà àti ohun tẹ́ ẹ tà. Ẹ ní kí ahunṣọ tàbí alágbàtà fọwọ́ sí i, ẹni tí ò lè kọ̀wé kó tẹ̀ka. Tọ́jà bá tú, ẹ ka ohun tó kù. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà níta, kó baà lè wà níbòmíràn tí omi bá rin ìwé fúnra ẹ̀. Ẹ má sì to aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ to pákó sábẹ́ ẹ̀, ẹ da ọ̀rá bò ó, ẹ má tò ó sábẹ́ ibi tí páìpù gbà.

OHUN TÁ À Ń BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ ẸGBẸ́

Àwa ìgbìmọ̀ ní ìmọ̀ràn mẹ́ta, ìpàdé gbogbogbòò ló sì máa pinnu.

Àkọ́kọ́, kí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí ọjà máa wà, àti bóyá ìwé adójútòfò wà lórí ẹ̀. A ò fẹ́ fi dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, a fẹ́ kí onígbọ̀wọ́ mọ ohun tóun ń ti ọrùn bọ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò bíi mẹ́ta, títí kan ti takáfúlù, kí wọ́n wá sọ iye tí wọ́n máa gbà tó bá jẹ́ pé gbogbo wa la jọ wọlé. Ẹni kan kò lè dúnàádúrà bí ogójì èèyàn. Ìbéèrè tá a máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: ṣé ọjà tó wà nílé wà nínú ẹ̀, ṣé omi páìpù wà nínú ẹ̀, èló ni ẹlẹ́rù máa fara gbé?

Ẹ̀kẹta, kí àpò ìrànwọ́ wa ní ìpín tiẹ̀ fún irú òfò báyìí, fún àwọn tí ilé wọn jẹ́ amọ̀ tí ilé iṣẹ́ lè má gbà, àti àwọn tí owó ọdún ò tíì ká. Kí ó jẹ́ ìrànwọ́ tí ẹni tó bá rí i gbà máa fi tún ọjà bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí àwọn tó bá lè ṣe ìwé ṣe ìwé, kí àpò kékeré yìí lè tó fún ẹni tí ò lè ṣe é.

Ìyá wa tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà láàárín wa níbí, ọjà ẹ̀ sì ti padà sípò, a dúpẹ́. Ó ti ní ìwé ọjà tirẹ̀ báyìí, ó sì kọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù sínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe rí, tó bá wá bá wa lẹ́yìn ayẹyẹ, ó ti ní òun máa mú un jáde fún un.